Àwọn Eku Tí Kò Mọ Ìbẹ̀rù

Ìbàfò,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.
Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹsàn-án, Ọdún 2008.

Ìbíwùnmí, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni ara, báwo sì ni òjò ti ń ṣe yín sí ní Òkè-Àró? Àdúrà mi ni pé kí ìwé yìí bá ọ nínú àlàáfíà. Ara tèmi le, ọkàn mi ni kò balẹ̀.

Stella ọ̀rẹ́ rẹ sọ fún mi pé o ti ríṣẹ́ sọ́dọ̀ Dókítà Ládélé, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó àwọn ẹranko rẹ̀ wá sí àdúgbò yín. Ọ̀dọ̀ ọkùnrin yìí náà ni mo ti ṣiṣẹ́ ní Mágbòrò. Mi ò tíì sọ ìdí tí mo fi kúrò fún ẹnikẹ́ni nílé.

Iṣẹ́ eku funfun ni a ń ṣe. Dókítà ní òun ń wá oògùn fún àwọn tí ìbẹ̀rù ti sọ di aláìsàn, àwọn tí adigunjalè ká mọ́lé tí wọn kò lè sùn mọ́. Bakitéríà, bó ti kéré tó yẹn, ní fáírọ́ọ̀sì tirẹ̀ tó ń pa á. Lára irú fáírọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ti mú ohun kan tó dà bíi sísọ́ọ̀sì, tó ń gé lára ohun tí ọmọ ń jogún lọ́dọ̀ òbí. Eku kan ní sísọ́ọ̀sì yìí, èkejì ní àmì ibi tí yóò gé, ìyẹn ibi tó ń mú kí ẹranko máa bẹ̀rù. Kò sí ohun tó ṣe èyíkéyìí nínú wọn. Ara ọmọ tí àwọn méjèèjì bá jọ bí ni gígé náà ti ń ṣẹlẹ̀.

Inú ọpọlọ nìkan ló yẹ kó ti gé e. Nígbà tí mo yẹ àwọn ọmọ eku náà wò, ó ti gé e káàkiri ara, títí kan ibi tí wọ́n fi ń bímọ. Ìran wọn yóò máa jogún rẹ̀ lọ nìyẹn. Lọ́jọ́ kan ológbò ráàyè wọlé. Àwọn eku náà kò sá. Ọ̀kan rìn lọ bá a, ó ń gbóòórùn imú rẹ̀. Ológbò ló sá. Mo ní ká pa gbogbo wọn, Dókítà sì rẹ́rìn-ín: "Yẹ́misí, ṣebí ohun tí a ń wá gan-an nìyẹn?"

Òjò wó ògiri ẹ̀yìn yàrá tí a kó wọn sí, eku sì jáde. Dókítà ní ológbò àdúgbò yóò jẹ wọ́n tán. Nígbà tó yá, Ìyá Wúlẹ̀mọ̀tù tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi iṣẹ́ wa figbe ta lọ́sàn-án gangan: "Ẹ wá wo eku o! Mo ń fi ìgbálẹ̀ lù ú, ó ń wò mí lójú!" Eku náà kì í ṣe funfun mọ́. Wọ́n ti gun eku ilé, wọ́n ti bí aláwọ̀ eérú.

Láìpẹ́ yìí, ọ̀kan jẹ ọmọ jòjòló tí Muslimah bí, ọmọ-ọmọ ìyá yìí, ní ìka. Ọmọ ń ké, eku kò kúrò. Mo ní kí Dókítà jẹ́ ká sọ fún àwọn ará àdúgbò. Ó ní, "Bí o bá lanu, èmi ò mọ̀ ọ́ rí o." Mo gbé báàgì mi, mo lọ bá Alhaji Láwàlì, alága àwọn onílé. Kí a tó padà débẹ̀, Dókítà ti kó àwọn eku rẹ̀ lọ, yàrá ti ṣófo.

Mo mọ bó ti pẹ́ tó tí o ti ń wáṣẹ́, kò sì dùn mọ́ mi láti gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ. Ṣùgbọ́n má lọ. Bí wọ́n bá ti fún ọ ní kọ́kọ́rọ́, dá a padà.

Olúwa yóò fún ọ níṣẹ́ tí kò ní mú omijé dání. Ibi kò ní bá ọ nílé, kò sì ní pàdé rẹ lọ́nà.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Adéyẹ́misí.

Ọ̀rọ̀ kan kù: Bí mo ti fẹ́ pa ìwé yìí dé ni ọkọ Muslimah wọlé láti ọsibítù ní Mówé. Ibà ọmọ náà kò lọ, àwọn dókítà sì ń béèrè irú eku tó jẹ ẹ́. Àwọn òbí ọmọ náà kò mọ ohun tí wọn yóò sọ. Mo ń tẹ̀ lé e lọ sí ọsibítù báyìí, kí n lè sọ ohun tí a ṣe sí àwọn eku náà fún wọn. Bí o bá gbọ́ pé wọ́n mú mi, sọ fún Màámi pé ẹnikẹ́ni kò fipá mú mi sọ̀rọ̀.