Ẹnu Tí Wọ́n Ń Sanwó Fún ní Ìlúpéjú

Ilé Olóko,
Lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́.
Oṣù Karùn-ún, 1992.

Khàdíjàt Àwẹ̀ró ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà, ṣé ara le, ṣé omi ń yọ lẹ́nu ẹ̀rọ ní Agége? Ọlọ́run tó jẹ́ kí o ka ìwé ọ̀rọ̀ owó dé òpin láìjẹ́ pé orí rẹ dàrú, kò ní fi ọ́ sílẹ̀. Bàbá rẹ ń kí ọ, ewúrẹ́ dúdú ti bí ìbejì, ẹ̀gẹ́ ta dáadáa. Kíkí parí síbẹ̀, nítorí inú ń bí mi.

Reuben ọmọ Tinúadé, tí ìwọ fúnra rẹ bá wáṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ àwo tánganran yín ní Ìlúpéjú, ti di ẹní àti sítóòfù rẹ̀ wálé. Ó ní wọ́n ti dá ìdajì àwọn òṣìṣẹ́ dúró. Mo ní kí ló fà á, ó ní náírà ló já wálẹ̀, wọn ò rówó ra irin láti òkè òkun mọ́. Ó wá ní ìwọ ti sọ ọ́ ní mítìn lẹ́yìn ọdún tuntun níwájú gbogbo ọ̀gá, pé bí náírà bá já, ìdajì òṣìṣẹ́ ni yóò lọ sílé, ẹni tó ń gbé tíì fún yín ló gbọ́ tó sọ fún òun. Ó ní o tilẹ̀ fi ṣọ́ọ̀kì yà á sára pátákó. Khàdíjàt! O ò lè fọwọ́ bo ẹnu? O ò tiẹ̀ ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí i kí o tó jókòó! Ó ní nígbà tó wá ṣẹ, wọ́n gbé ọ ga, wọ́n fún ọ ní mọ́tò. Ní abúlé tiwa, ẹni tó bá fẹnu sọ ibi tí ibi náà sì ṣẹ, a kì í fún un ní mọ́tò.

Ṣé o rántí Iléyá ọdún tó kọjá? Mo bi ọ́ ìdí tí o fi kúrò ní yunifásítì níbi tí o ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ jẹ́ẹ́. O ní láti ìgbà tí àwọn sójà ti kó ètò ẹ-fún-ìgbànú-mọ́ra tí wọ́n ń pè ní Sáápù dé, owó oṣù olùkọ́ kò tóó jẹun, pé ẹni tó níwèé bíi tìrẹ lè lọ sí báńkì, tàbí ilé iṣẹ́ inṣọ́ránsì, tàbí ọ́fíìsì ìjọba ní Aláúsá, tàbí kọ́ńpìnnì. Mo ní kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. O ní ní báńkì, wọ́n á máa rò ó pé ẹni tó yáwó lè má san án. Ní inṣọ́ránsì, wọ́n á máa rò ó pé ilé lè jó, pé ọkọ̀ lè dànù. Ní kọ́ńpìnnì, ohun tó lè bàjẹ́ ni wàá máa rò tọ̀sán tòru. Àní ṣé kò sí iṣẹ́ kankan tí wọ́n ń fi ìwé yìí ṣe tí kì í ṣe ríro ibi mọ́ ọmọnìkejì? Kazeem àbúrò rẹ tó ń pa màlúù ní Oko Ọba pàápàá, ó ń ṣe bísímílà kó tó mú ọ̀bẹ. Ìwọ já náírà lulẹ̀ láìṣe bísímílà!

Nǹkan tó dùn mí jù ni Tinúadé. O mọ̀ pé ìdáná kan náà la fi ń yan gàrí, òun á sẹ́, èmi á yan, láti ìgbà tí o wà lẹ́yìn mi. Ó ti dáná tiẹ̀ sẹ́yìn ilé. Ó ní kí n bá òun kí ọ, pé ìwọ lo fọwọ́ mú ọmọ òun wọlé, ìwọ lo sì fẹnu lé e jáde. Obìnrin kan tún sọ lójú mi ní etí odò pé ẹnu rẹ burú, mo da omi inú garawa mi lé e lórí, n kò sì tọrọ àforíjì. Èmi ni mo bí ọ, èmi nìkan ló lè bú ọ.

Mo dín àkàrà sàráà kí ọ̀rọ̀ náà lè yí padà. Bàbá rẹ ní àkàrà abúlé kò ká ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi òyìnbó sọ ní ọ́fíìsì, pé ibi tí o ti sọ ọ́ náà ni wàá ti yí i padà. Ó bọ́gbọ́n mu. Nítorí náà, bí wọ́n bá tún pè yín sí mítìn, dìde dúró níbi tí o dúró sí lọ́jọ́sí, mú ṣọ́ọ̀kì, kí o fi òyìnbó sọ pé Reuben á padà sẹ́nu iṣẹ́. Má sọ pé "bóyá." Kí o tó jókòó, ṣe àmín.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún sàráà mìíràn, kí o sì fi ti Reuben sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n má jẹ̀ẹ́ kí ìyá rẹ̀ mọ ibi tó ti wá. Kí Ọlọ́run fi rere sí ọ lẹ́nu, kó sì jẹ́ kí rere náà yá ju ibi lọ. Máa bọ̀ nílé fún Iléyá. Àpótí Tinúadé ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdáná, n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó lé e.

Èmi ni ìyá rẹ,
Sàfúrátù.