Kì í Ṣe Káyọ̀dé Ló Jí Fíìmù Àǹtí Bùkọ́lá

Ẹ kú ilé o, Màmá mi. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú àdúrà tí ẹ ń gbà lé wa lórí. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ láti ìlú òtútù yìí. Mo kí Bùọ̀dá Ṣẹ́gun àti ìyàwó wọn, mo kí Ìyá Àgbà ní Atíkòrí, mo sì kí gbogbo ará ilé wa ní Òkè-Àgbò, pẹ̀lú àwọn tó máa ń bá yín jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn ìsìn. Ara mi le. Òtútù ibí ni kì í jẹ́ kéèyàn gbádùn. Lásìkò yìí, bí oòrùn bá ráyè yọ rárá, aago mẹ́ta ọ̀sán ló ti ń wọ̀. Iṣẹ́ ẹja ni mo ṣì ń ṣe: kí n la ẹja, kí n yọ ìfun rẹ̀, kí n tò ó sínú yìnyín láti àárọ̀. Bí mo bá bọ́ ìbọ̀wọ́, ó máa ń tó bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí n tó mọ̀ pé mo ní ìka. Ọ̀gá wa ní ó máa mọ́ èèyàn lára tó bá yá. Ọdún kẹfà rèé, kò tíì mọ́ mi lára.

Ẹ óò bi mí pé kí ló dé tí mo fi kọ lẹ́tà yìí síta, níbi tí gbogbo èèyàn á ti kà á, dípò kí n pè yín. Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ má bínú. Mo ti pè yín lórí ọ̀rọ̀ yìí lóṣù méjì sẹ́yìn, ẹ sì ní ká fi ṣe ọ̀rọ̀ inú ilé. Mo gbọ́ràn sí yín lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ìta gbangba ni wọ́n ti pe Káyọ̀dé ní olè, ìta gbangba náà ló sì yẹ kí wọ́n ti wẹ̀ ẹ́ mọ́. Tí ẹ bá ka èyí tán, ẹ bá mi wí bó ṣe tọ́ lójú yín.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ wá, Àǹtí Bùkọ́lá ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Òun ló ṣe fíìmù olùkọ́ tó ń fi ọkọ̀ ojú omi kó àwọn ọmọ lọ sílé ìwé. N kò ní dárúkọ fíìmù náà níhìn-ín, nítorí mo mọ àwa èèyàn wa. Bí mo bá dárúkọ rẹ̀, ẹlòmíràn ò ní ka lẹ́tà yìí dé ìsàlẹ̀ kó tó lọ máa wá a lọ́fẹ̀ẹ́. Ọdún mẹ́rin ni Àǹtí fi ṣe é. Makun-Omi ni wọ́n ti ya èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, nínú òjò, nínú ẹ̀fọn, tí àwọn òṣèré dúró sínú omi títí awọ ẹsẹ̀ wọn fi ń bó. Ìjẹ̀bú ẹ̀bá omi ni wọ́n sọ látìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, torí Àǹtí ní òun ò ní jẹ́ kí ará Makun-Omi máa sọ̀rọ̀ bí ará Ìbàdàn. Káyọ̀dé ni ẹ̀dítọ̀ rẹ̀, ẹni tó ń gé fíìmù tó sì ń tò ó pọ̀. Ọmọ Òrù ni. Ọdún tí Àǹtí fẹ́ jáde ní yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè ni Káyọ̀dé wọlé, ibẹ̀ ni wọ́n ti mọra. Inú yàrá kan ṣoṣo tí Káyọ̀dé gbà síbẹ̀ ló ti gé fíìmù yìí fún odidi ọdún kan.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí fíìmù náà wọ sinimá ló jáde lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Gbogbo rẹ̀ pátá, lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn tó fẹ́ fi í hàn ní sinimá sọ fún Àǹtí pé kó máa bá tiẹ̀ lọ, pé àwọn kì í ta ohun tí gbogbo ayé ti wò tán. Bó ṣe parí nìyẹn. Sinimá kan ṣoṣo kò gbà á.

Màmá, mo lọ wo ibi tí wọ́n gbé e sí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú olùkọ́ tó ń sunkún lórí omi, àwòrán obìnrin oníhòòhò kan ń ṣẹ́jú síni, àwọn onítẹ́tẹ́ sì ń pe èèyàn kó wá ta. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni àwọn ará wa ti ń gbàdúrà fún olè tó gbé e síbẹ̀. Wọ́n ní Ọlọ́run á máa bù kún un, kò ní rí ibi. Àwọn mìíràn ń ṣe àmín. Ẹnì kan ń ṣàròyé pé àwòrán náà ò mọ́ tó, pé kí wọ́n tètè gbé èyí tó dáa wá, àfi bí ẹni pé ó sanwó. Obìnrin kan ní òun ti fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí òun, nítorí ìwà ọmọlúàbí inú fíìmù náà wọ òun lọ́kàn. Ní Àgọ́-Ìwòyè, wọ́n ń gbé e sínú fláàṣì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní òdìkejì títì sí ilé tí Káyọ̀dé ń gbé. Ìjọ kan fi í hàn lára ògiri ní ọjọ́ àwọn ọ̀dọ́. Wọ́n fi àdúrà bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi àdúrà parí, kò sí ẹni tó béèrè ibi tí wọ́n ti rí i. Bí ẹnì kan bá fa ewúrẹ́ olóhun wọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á béèrè. Nítorí pé fíìmù ni, kò sẹ́ni tó rí olè níbẹ̀. Ó kó mi nírìíra.

Kí n má purọ́, ara mi náà kó mi nírìíra. Ọdún tí mo kọ́kọ́ dé ibí, tí kò sí ẹni tó ń bá mi sọ Yorùbá, irú ibẹ̀ náà ni mo máa ń lọ. Ní Sátidé, mo lè wo fíìmù mẹ́ta láì dìde, kí n ṣáà lè gbọ́ ohùn ìyá kan tó ń bá ọmọ rẹ̀ wí. Mo mọ orúkọ àwọn ibi tí wọ́n ti ń jí fíìmù ju orúkọ àwọn òpópónà àdúgbò mi lọ. N kò rò ó rí pé ẹnì kan dúró sínú omi nítorí ohun tí mo ń wò. Ẹ̀gbọ́n ẹlòmíràn ni nígbà náà, kò dùn mí. Èmi náà ti kọ ọ́ síbẹ̀ rí pé Ọlọ́run á máa bù kún wọn.

Ọjọ́ Ìsinmi kan lẹ́yìn ìsìn, Sámúẹ́lì, ọmọ Ìlàjẹ tí a jọ ń la ẹja, pè mí wá jẹun ọ̀sán. Ó ní àpótí kékeré kan lára tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ tó ń gbé gbogbo fíìmù ayé wá láì san kọ́bọ̀. Kò mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi ló ni fíìmù tó yàn. Ó ní kí n wá gbọ́ èdè kan tó sún mọ́ tàwọn. Mo fẹ́ ní kó pa á. Kí n tó lanu, ìtumọ̀ ohun tí wọ́n ń sọ jáde nísàlẹ̀ àwòrán, lẹ́tà rẹ̀ sì tóbi débi pé ó bo àgbọ̀n òṣèré. Sámúẹ́lì rẹ́rìn-ín, ó ní ta ni wọ́n kọ èyí fún. Mo gbé àwo oúnjẹ sílẹ̀. Mo mọ ẹni tí wọ́n kọ ọ́ fún.

Ẹ̀yin fúnra yín lẹ fi ìdùnnú sọ ọ́ fún mi, nígbà tí Àǹtí fi fíìmù náà ránṣẹ́ sí yín pé kí ẹ súre sí i kó tó jáde. Ẹ ní nítorí etí yín tó ti wúwo àti ojú yín tó ti ń ṣe bàìbàì, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ gàdàgbà sí tiyín, pé ẹ ò tiẹ̀ wá gíláàsì kí ẹ tó kà á. Màmá, ẹ̀dà kan ṣoṣo ni irú lẹ́tà yẹn wà nínú rẹ̀, ẹ̀yin ni wọ́n sì fún.

Mo pè yín lọ́jọ́ kejì, mo bi yín bóyá ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ẹ ò fi pamọ́. Ẹ ní ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìjọ nìkan ni, lórí wáàsáàpù. Ẹ ní àkọ́so ni. A kì í jẹ iṣu tuntun nílé wa kó má kọ́kọ́ dé iwájú pẹpẹ, báwo wá ni iṣẹ́ ọdún mẹ́rin ọmọ yín ṣe máa jáde kí ìjọ má gbàdúrà sí i. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí kálukú gbé ọwọ́ lé fóònù rẹ̀ kó sì súre. Wọ́n súre lóòótọ́. Lẹ́yìn náà, ẹnì kan nínú wọn fi ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀, ọmọ fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́, títí ó fi dé ọwọ́ àwọn tó ń fi iṣẹ́ oníṣẹ́ jẹun. N kò bínú sí yín nítorí ìyẹn. Ìfẹ́ lẹ fi ṣe é, ẹ ò sì mọ̀ pé ohun tó bá wọ fóònù kan ti wọ ọjà.

Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ló ń jìyà rẹ̀. Lọ́jọ́ tí fíìmù náà jáde, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó ráyè wò ó, Àǹtí bi Káyọ̀dé lójú gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ pé ta ló tún ní fíìmù náà lọ́wọ́ yàtọ̀ sí àwọn méjèèjì. Ìbéèrè kan yẹn ti tó. Wọ́n yọ Káyọ̀dé kúrò láàárín ara wọn. Wọ́n gbé àwòrán rẹ̀ kiri pé kí àwọn onífíìmù ṣọ́ra fún un. Ó fi Bíbélì búra, wọ́n ní olè wo ni kì í búra. Kò sẹ́ni tó gbé iṣẹ́ fún un mọ́. Ó ti ta kọ̀ǹpútà rẹ̀, ọ̀kadà ló ń gùn láàárín Òrù àti Àgọ́-Ìwòyè báyìí. Ó ní ọmọbìnrin kan tó fẹ́ fẹ́ ní Abigi. Bàbá ọmọbìnrin náà ránṣẹ́ pé kí àwọn ẹbí Káyọ̀dé má tíì wá tọrọ ọmọ, pé òun fẹ́ kọ́kọ́ wádìí irú ẹni tí òun ń fọmọ fún.

Mo pe Àǹtí Bùkọ́lá. Mo rò pé ohun tí kò mọ̀ ni mo fẹ́ sọ. Ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán, ó wá ní òun ti mọ̀ láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, pé bí òun ṣe rí lẹ́tà gàdàgbà yẹn lòun ti mọ̀. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ.

Ó ní, "Olúmìdé, mo lè rí ẹ̀dítọ̀ mìíràn. Níbo ni mo ti fẹ́ rí ìyá mìíràn?"

Mo pa fóònù mọ́ ọn létí. N kò ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n mi rí láyé mi. Ẹ̀yin náà ní kí n fi sílẹ̀, pé lọ́dún yìí ni wọ́n fẹ́ fi yín jẹ Ìyá Ìjọ, pé kí ni àwọn èèyàn á wí, pé Ọlọ́run á jà fún ọmọ náà. Ẹ forí jì mí, Màmá, Ọlọ́run kọ́ ló fi fíìmù ránṣẹ́. Mo ń la ẹja lọ́jọ́ náà, òórùn rẹ̀ tí mo rò pé ó ti mọ́ mi lára ń rìn mí, ọ̀rọ̀ ilé wa sì ń rìn mí jù ú lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ara mi ò gbà á mọ́. Mo wá nọ́ńbà Káyọ̀dé, mo sì pè é lásìkò tí wọ́n ní ká sinmi lọ́sàn-án, mo dúró láàárín àwọn àpótí ẹja. Mo ní òtítọ́ kan wà tó yẹ kó gbọ́. Mo ń kálòlò. Ó ní kí n má da ara mi láàmú, òun mọ̀. Mo bi í pé ta ló sọ fún un.

Ó ní, "Bùọ̀dá, ta lẹ rò pé ó kọ lẹ́tà yẹn tóbi fún Màmá? Èmi ni. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣe é."

Màmá, ẹ wò ó. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní ni ọmọ yìí ti mọ̀. Àǹtí pẹ̀lú mọ̀ pé ó mọ̀, torí òun ló ní kó ṣe lẹ́tà gàdàgbà náà. Àwọn méjèèjì wà láàárín àwọn tó ń pe ọ̀kan ní olè, wọ́n ń wo ara wọn, wọn ò sọ̀rọ̀. Mo bi Káyọ̀dé pé kí ló dé tí kò fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní ní gbogbo ọdún tí òun fi gé fíìmù náà, ẹ máa ń di ìkọ́kọrẹ́ fún Àǹtí kó gbé e bọ̀ fún òun ní Àgọ́-Ìwòyè. Ó ní òun ò mọ bí òun ṣe fẹ́ na ìka sí ẹni bẹ́ẹ̀ lójú ọjà. Mo sunkún níbẹ̀, ọ̀gá wa rò pé òtútù ni.

Ẹni tí gbogbo ayé ń pè ní olè nìkan ni kò mú ohun ẹlòmíràn nínú ọ̀rọ̀ yìí, Màmá. Ìdí tí mo fi kọ̀wé nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró de Àǹtí, ẹ má dúró de Bùọ̀dá Ṣẹ́gun. Ẹ wọkọ̀ lọ sí Òrù, ẹ béèrè ilé bàbá Káyọ̀dé. Tí ẹ bá bẹ̀ wọ́n tán, kí ẹ̀yin àti Káyọ̀dé jọ lọ sí Abigi. Bàbá ọmọbìnrin náà ní òun fẹ́ wádìí irú ẹni tí ọmọ náà jẹ́, kò sì sí ẹlẹ́rìí tó mọ̀ ọ́n tó yín.

Kí Ọlọ́run fún yín lẹ́sẹ̀ tó máa gbé yín dé ibẹ̀ àti ẹnu tó máa lè sọ ọ́. Ojú kò ní tì yín níwájú Rẹ̀. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, ẹ bá mi kí àwọn ìyá nínú ìjọ. Ẹ bá mi kí Àǹtí Bùkọ́lá náà, ẹ ní inú ṣì ń bí mi, ẹ ní mo sì ń retí ìpè rẹ̀.

Èmi ni ọmọ yín tó dọ̀bálẹ̀ tó ń tọrọ àforíjì,
Olúmìdé