Máàkì Kan Lórí Iṣu Méjì

Ẹ̀yin òǹkàwé, máàkì kan ṣoṣo ni mo fi dínà mọ́ ọmọ ọlọ́mọ, mi ò sì tíì lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni... Tíṣà ni mí l'Éjìgbò, mo máa ń lọ sí yunifásítì nígbà ọlidé. Iṣẹ́ àṣekágbá mi ni pé kí n ṣe ìbéèrè ìdánwò tó ń dán làákàyè ọmọ wò, kì í ṣe ohun tó há sórí, kí n sì fi ìṣirò fi hàn pé làákàyè ni ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ń wọ̀n lóòótọ́. Bí àwọn tó mọ̀wé bá gba ìbéèrè kan, tí àwọn tó kù kùnà, ìṣirò á ní ó dáa nìyẹn.

Mo gbé e lọ fún àwọn ọmọ pírámárì kẹfà ní iléèwé kan ní Másífà, nítòsí wa. Ìbéèrè kan wà níbẹ̀... iṣu méjì tóbi bákan náà, ọ̀kan jẹrà díẹ̀ lórí, èkejì jẹrà díẹ̀ nídìí, èwo ni ká kọ́kọ́ jẹ? Èmi ọmọ ìgboro, mo ní ìdáhùn tó tọ̀nà ni pé kò sí ìyàtọ̀. Àwọn tó mọ̀wé mú un bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ oko kùnà, ìṣirò sì ní kò sí ìbéèrè tó dáa tó ìyẹn. Ọ̀gá mi ní yunifásítì yìn mí títí. Inú mi dùn, kí n má purọ́.

Àṣé hẹdimáàsítà wọn ti fi máàkì mi yan ọmọkùnrin kan tí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú máa fowó rán lọ sí sẹ́kọ́ńdírì. Máàkì kan ló fi ju ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ráfíátù lọ, ìbéèrè iṣu yẹn ni Ráfíátù sì kùnà. Àbíjáǹ làwọn òbí rẹ̀ wà, bàbá bàbá rẹ̀ tó jẹ́ àgbẹ̀ ló ń tọ́ ọ. Mo bi Ráfíátù pé kí ló dé tó fi mú iṣu tó jẹrà lórí. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú, sà. Orí ló máa ń hù. Èyí tórí ẹ̀ bá dáa, à ń tọ́jú ẹ̀ de òjò ni.”

Ojú tì mí. Nínú èmi àti ọmọ yìí, ta ló ronú? Mo tún máàkì kà, mo gba ti iṣu lọ́wọ́ ọmọkùnrin yẹn, mo fún Ráfíátù, Ráfíátù ló gbapò kìíní... Ṣé kí n sọ̀rọ̀, kí iṣẹ́ mi dàrú? Ọmọkùnrin tí wọ́n mú ńkọ́, tó ti rán yunifọ́ọ̀mù, tó ń wọ̀ ọ́ káàkiri àdúgbò, kí ló ṣe? Ṣé kí n dákẹ́? Ìyá Ráfíátù ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀ láti mú un lọ Àbíjáǹ, kó lọ máa bá òun tajà.

Lánàá, bàbá àgbà náà fi iṣu kan ránṣẹ́ sí mi, wọ́n ṣèbí èmi ni tíṣà rẹ̀, wọ́n ní mo ṣeun tí mo kọ́ ọmọ àwọn dáadáa. Orí iṣu náà dá ṣáká. Mi ò lè jẹ ẹ́, mi ò sì lóko tí mo lè gbìn ín sí. Ó wà nídìí ilẹ̀kùn, ó ń wò mí... Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọ, kí ni kí n ṣe kí ìyá rẹ̀ tó dé?