Orúkọ Rẹ Kò Sí Lára Ògiri

Òkè-Àgbo, lọ́nà Ọ̀fà,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹta, 1979.

Fọláwùmí, Àjíkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé iṣẹ́ ilé ẹ̀rọ Bompai kò pa á lára? Ọmọ́ládé ọmọ ọmọ mi ńkọ́, ṣé ó ti ń sọ Yorùbá díẹ̀díẹ̀, àbí Háúsá náà ni yóò máa fi dá mi lóhùn títí ayé? Ọlọ́run tí ó mú yín dé Kánò kò ní já yín jù sílẹ̀ níbẹ̀. Ooru ilẹ̀ Háúsá kò ní rí yín gbé ṣe. Àwa níbí wà láàyè, àfi ẹsẹ̀ mi tí ó ń dùn mí, ó sì ti mọ́ mi lára.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà lọ́wọ́ dẹ́rẹ́bà tí ó máa ń bá wa kó gàrí lọ sí Ọ̀fà. Èmi fúnra mi ni mo kà á, n kò gbé e fún ẹnikẹ́ni, nítorí ìwé kíkà tí wọ́n kọ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì kò tíì kúrò lórí mi. Nígbà tí mo kà á dé ìdajì, mo jókòó sílẹ̀. Nígbà tí mo kà á tán, mo sunkún.

Ọmọ mi, o kú ará fẹ́ra kù. O kú ìdárò Nurat. O kọ ọ̀rọ̀ náà ní ṣókí, bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́, o ní Nurat ti lọ sinmi, ṣọ́ọ̀bù sì dákẹ́ láìsí i. Mo yọ fọ́tò tí ẹ yà níwájú ṣọ́ọ̀bù yín ní France Road lára ògiri, mo gbé e sí ojú ìmọ́lẹ̀. Ọmọ eléèjí yẹn, tí ó dúró ti ẹ̀rọ ìránṣọ, tí ó ń rẹ́rìn-ín, ṣé òun náà ni ó lọ sinmi? Ọmọ tí kò tíì lọ sílé ọkọ! Ikú dóró o.

Ohun tí ó wú mi lórí ni pé o ní owó oṣù rẹ̀ kò ní dúró, pé o ó máa san án bí ẹni pé ó wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo sọ ọ́ fún gbogbo agboolé. Ta ni ó ń san owó oṣù òkú? Ìjọba gan-an kò ṣe irú rẹ̀. Àánú bàbá rẹ olóògbé ni o jogún. Ṣùgbọ́n kí o wo ẹni tí o ń kó o lé lọ́wọ́ dáadáa, nítorí ẹbí òkú máa ń pọ̀ bí owó bá wọ̀ ọ́.

Ohun kan wá wà nínú lẹ́tà náà tí ó dẹ́rù bà mí. O ní ọdọọdún ni yóò máa rí báyìí, pé lẹ́nì kọ̀ọ̀kan ni ẹ ó máa lọ, pé o ti fa ilà sórí páálí funfun kan, o sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, o kọ orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ sí i ní tẹ̀lé-ǹ-tẹ̀lé, kí oníkálukú lè mọ ìgbà tí yóò kan òun. O ní Yínká ni ó kàn, lẹ́yìn rẹ̀ Ẹ̀bùn. Àjíkẹ́, ta ni ó kọ́ ọ nírú èyí? Ṣé ikú ni à ń tò sí bí ẹni ń tò sí ìdí omi ẹ̀rọ? O tún ní inú Yínká ń dùn, ó ti ń di ẹrù rẹ̀. Mo ní háà, ayé ti bàjẹ́ dé ibi tí ọmọdé ń di ẹrù de ikú.

Mo gbé lẹ́tà náà lọ bá Wòlíì Jethro ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ó kà á, ó ṣí fìlà, ó bi mí pé ṣé orúkọ ọmọ tèmi náà wà lára ògiri. Mo tún lẹ́tà náà kà láti òkè dé ìsàlẹ̀, orúkọ rẹ kò sí níbẹ̀. A kúnlẹ̀, a dúpẹ́. A kọrin, mo sì jó, tèmi ti ẹsẹ̀ tí ń dùn mí, nítorí pé orúkọ ọmọ mi kò sí lára ògiri. Lẹ́yìn náà a gbààwẹ̀ fún Yínká àti Ẹ̀bùn, pé kí Olúwa bá wa pa orúkọ tiwọn rẹ́.

Àpótí tí o ní o kàn mọ́ ẹnu ọ̀nà, tí ẹni tí nǹkan bá ń dùn yóò kọ ọ́ sínú ìwé pélébé, tí yóò jù ú síbẹ̀ láìkọ orúkọ ara rẹ̀, ìyẹn dára gan-an. A ní irú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n o kò sọ wòlíì tí ń ṣí i. Nọ́ńbà tí o ní o máa ń so mọ́ aṣọ oníbàárà kí ó má bàa ṣì lọ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, mo ti ń ṣe é nílé gàrí wa. Mo so nọ́ńbà mọ́ àpò gbágùúdá olúkúlùkù, ìjà sì ti tán, àfi Ìyá Olúgbémi tí ó kọ̀ jálẹ̀, tí ó ní ẹlẹ́wọ̀n ni wọ́n ń fún ní nọ́ńbà.

Ibí ni mo kọ ọ́ dé ní ọjọ́ Ajé. Òní Ọjọ́bọ̀ ni mo tún gbé bíírò. N kò fa èyí tí ó wà lókè ya, nítorí a kì í fa àdúrà ya, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti yí padà.

Lánàá, a ń yan gàrí lọ́wọ́, mo gbójú sókè, mo rí Nurat. Eléèjí inú fọ́tò! Ó gbé báàgì lọ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín bọ̀. Ara mi di òtútù níwájú iná. Ohun tí ó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni sánnú. Mo ní èdè ọ̀run nìyẹn. Mo ti máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà pé àkúdàáyà máa ń lọ sí ìlú tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ pé ó máa ń mú dàbínò dání. Gbogbo àwọn tí a jọ ń yan gàrí fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, gàrí jóná. Èmi tí ẹsẹ̀ ń dùn ni mo kù. Mo bi í jẹ́jẹ́ pé ṣé wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀, ṣé ó sì pàdé bàbá rẹ lọ́nà. Ó ní rárá o, pé rélùwéè kún jù, òun kò rí ẹni tí òun mọ̀.

Wòlíì Jethro sáré dé pẹ̀lú agogo àti omi àdúrà, ó ní kí ó mu ún. Ó mu ún tán, ó kúnlẹ̀ dúpẹ́, ó ní ṣé òmíràn kò sí, pé oòrùn ti pa òun lọ́nà. Wòlíì bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín, èmi kò lè rẹ́rìn-ín.

Ọmọ náà wá jókòó, ó ṣàlàyé. Ó ní ìsinmi òṣìṣẹ́ ni o fún òun, irú èyí tí wọ́n ń fún àwọn oníṣẹ́ ìjọba, pé ilé bàbá òun ní Ọ̀fà ni òun ti wá sinmi, pé òun yóò padà, ẹ̀rọ òun ń dúró de òun. Ó ní o máa ń sọ pé ẹni tí ó bá sinmi kì í rán aṣọ ní wíwọ́. Mo fọwọ́ kàn án lápá, ó gbóná. Mo dúpẹ́.

Mo wá bèèrè rẹ. Ọmọ náà wolẹ̀. Ó ní ìwọ ni o ń ṣí ṣọ́ọ̀bù, ìwọ ni o ń tì í. Ìwọ ni o ń lọ ra aṣọ ní ọjà Kantin Kwari nínú oòrùn, o ó dé, o ó gé e, kí o tó rántí oúnjẹ. Ó ní o ń wúkọ́, orí tábìlì tí ẹ ti ń gé aṣọ ni o máa ń gbórí lé, Ọmọ́ládé ni yóò wá jí ọ. Mo ní ìgbà wo ni yóò wá kan ọ̀gá wọn láti sinmi? Ó ní orúkọ rẹ kò sí lára ògiri, pé o ní bí o bá kúrò, ṣọ́ọ̀bù yóò dàrú.

Fọláwùmí, ohun tí mo kúnlẹ̀ dúpẹ́ fún nìyẹn. Mo dìde nídìí gàrí, mo wọ yàrá, mo sunkún ju èyí tí mo sun fún Nurat lọ. Láti ìgbà tí a ti sin bàbá rẹ, n kò tíì fojú kàn ọ́. Bàbá rẹ náà kò sinmi rí. Ó ní bí òun bá kúrò lóko, igbó yóò bò ó. Ó ti lọ sinmi báyìí, oko ṣì wà níbẹ̀, ẹlòmíràn ló ń ro ó.

Bí Nurat bá padà dé, fún un ní kọ́kọ́rọ́. Ṣọ́ọ̀bù tí kò lè dá dúró bí ìyá rẹ̀ bá jáde, ọmọ ọmú ni, kò tíì di ṣọ́ọ̀bù. Dàbínò tí o fi rán an sí mi dùn, mo ti pín in kárí ilé.

Ní ti owó, bẹ́líìtì ẹ̀rọ tí ń rin gbágùúdá ti já, mo sì ń tọrọ owó rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ. Má fi rán ẹnikẹ́ni, má sì gbé e lọ sí pósọ́fíìsì. Ọwọ́ rẹ ni kí o fi mú un wá. Ọwọ́ ni a ó máa fi rin gbágùúdá títí o ó fi dé.

Ìwé pélébé kan wà nínú àpòòwé yìí. Má kà á. N kò kọ orúkọ mi sí i, gẹ́gẹ́ bí òfin yín. Jọ̀wọ́, jù ú sínú àpótí ẹnu ọ̀nà yẹn, kí wòlíì tí ń ṣí i lè rí i.

Olúwa yóò wo ikọ́ rẹ sàn. O kò ní lọ ìsinmi tí a kì í ti ibẹ̀ bọ̀ kí ọjọ́ rẹ tó pé. Ìwọ ni yóò sin mí, èmi kọ́ ni yóò sin ọ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
Salome Adékọ̀yà.

(Ìwé pélébé)

Ẹ̀yin ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù, nǹkan ń dun ẹnì kan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ orúkọ Fọláwùmí sára ògiri.