Ìpara tí Ṣùbòmí Fi Bà Mí Jẹ́

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kí yín o, mo kí ọkọ yín àtàwọn ọmọ. Ẹsẹ̀ Màmá kò wú mọ́.

Ṣùbòmí, àbúrò ọkọ yín tí mo kọ́ bí a ṣe ń po òrí mọ́ àdín àgbọn fún irun àti awọ ara, ló ń sọ kiri Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó pé ìpara mi ń bó èèyàn lára, kí wọ́n lè máa ra tiẹ̀. Mo bá pe gbogbo oníbàárà wa jọ, mo kọ́ wọn lọ́fẹ̀ẹ́ bí wọ́n ṣe máa pò ó nílé.

Ó sunkún wá bá mi: "Àǹtí Fadilah, kí ni kí n wá máa tà báyìí?"

Mo ní, "Irọ́ tó o pa ni kó o máa tà."

Èmi náà ò rí ìpara tà mọ́, àmọ́ inú mi dùn. Bí ọkọ yín bá ní kí ẹ bẹ̀ mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní ẹ ò rí mi bá sọ̀rọ̀.

Kí Ọlọ́hun máa ṣọ́ yín níbẹ̀.

Àbúrò yín,
Fadilah