Irun Máwòmí Nínú Páálí Ìṣáná

Bàbá mi àtàtà,

Ilẹ̀ ni mo jókòó sí kọ lẹ́tà yìí. Mo na ẹsẹ̀ mi méjèèjì, mo fẹ̀yìn ti àga. Àga wà nílé o, kì í ṣe pé mi ò rí rà. Rọ́ọ̀gì mi ló wù mí í jókòó lé. Bàbá, mo ti ra rọ́ọ̀gì! Bí ẹ ṣe máa ń ra nǹkan ni mo ṣe rà á. Mo lọ wò ó, mo padà wálé, mo tún lọ, mo fọwọ́ pa á lára, mo gbóòórùn rẹ̀, títí ẹni tó ń tà á fi bi mí bóyá rírà ni mo fẹ́ rà á àbí mo fẹ́ fi ṣe ọkọ.

Ẹ bá mi yọ̀. Ilé tí mo máa ń sọ fún yín pé màá kọ́ lọ́nà Ìjàgbò ti parí. Ó ku ọ̀dà díẹ̀ lára fèrèsé ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n a ti kó wọlé. Owó iṣẹ́ olùkọ́ mi àti ti ọkọ mi la fi kọ́ ọ, a ò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Páálọ̀ rẹ̀ gbòòrò, ilẹ̀ rẹ̀ ń dán. Bí mo ṣe ń kọ èyí, ọkọ̀ ojú irin ń fọn fèrè ní sítéṣọ̀n, ajá mi gbé etí kan sókè, ó sì tún sùn padà. Ọmọ-ọmọ Máwòmí, ajá yín, ni. Ìyá rẹ̀ ni ẹ fọwọ́ ara yín tọ́ kẹ́yìn kí ẹ tó lọ. Àwọ̀ wọn ò yàtọ̀ rárá, pupa rúsúrúsú bí erùpẹ̀ Ọ̀fà nígbà ọyẹ́. Kékeré ni mò ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò kéré mọ́.

Ṣé ẹ rántí ìgbà tí rọ́ọ̀gì gba gbogbo Ọ̀fà kan, ṣáájú kí sójà tó tún gba ìjọba? Ìyá Sàlámì, aládùúgbò wa tí ògiri kan ṣoṣo là wá láàárín, ló kọ́kọ́ tẹ́ tirẹ̀ ní àdúgbò. Rọ́ọ̀gì pupa fòò, òdòdó ara rẹ̀ tóbi tó abọ́ ìjẹun, wájawàja sì yí etí rẹ̀ ká. Àwọn obìnrin ń wọ́ lọ wò ó, wọ́n ń bọ́ bàtà sílẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ìta. Màmá lọ kí i kú oríire, ó padà wálé, kò jẹun dáadáa. Láti ọjọ́ náà ló ti ń kọ rọ́ọ̀gì pupa sí yín létí ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ kàn ń mi orí. Gáàdì ọkọ̀ ojú irin ni yín, ẹ̀ ń lọ sókè Ọya déédéé, ibẹ̀ ni gbogbo ènìyàn sì ti ń ra èyí tó dára. Kò sí àwáwí tí ẹ lè wí.

Ọjọ́ tí ẹ máa lọ, ẹ pe Máwòmí, ẹ fi ìyarun ya á lẹ́yìn, ẹ kó irun tó bọ́ sínú páálí ìṣáná, ẹ fi sí àpò àyà kóòtù iṣẹ́ yín. Màmá rí yín láti ojú fèrèsé. Ó rò pé ẹ fẹ́ fi ṣe oògùn ni. Obìnrin tó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ò lè bi ọkọ rẹ̀ léèrè irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ó bá gbààwẹ̀ lé e lórí títí ẹ fi dé. Mo ṣì máa ń rẹ́rìn-ín tí mo bá rántí.

Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ ohun tí ẹ fi irun náà ṣe fún wa. Ní ọjà Kánò, rọ́ọ̀gì tí wọ́n bá tẹ́ síwájú yín, ẹ ó ṣí páálí ìṣáná, ẹ ó wọ́n irun díẹ̀ sí i, ẹ ó fà sẹ́yìn, ẹ ó wò ó. Bí ẹ bá ti rí irun náà láti òró yín, ẹ ó ní kí wọ́n ká a. Àwọn ọlọ́jà ń pe ara wọn wá wòran yín. Ìgbà tó yá, ẹ dé orí ọ̀kan tó jẹ́ pé ẹ ní láti kúnlẹ̀ kí ẹ tó rí irun he padà. Ìyẹn lẹ rà. Inú yín dùn, ẹ̀ ń fi ìka lu páálí náà bí ẹ ti ń sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n ojú Màmá nígbà tí ẹ tú u sílẹ̀! Kò sí òdòdó, kò sí wájawàja, irun rẹ̀ kúrú bí orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì bá ti Máwòmí dọ́gba. Màmá ń wo ẹ̀yìn yín bóyá pupa yẹn ń bọ̀ lẹ́yìn. Máwòmí ti dùbúlẹ̀ sórí rẹ̀ kí ẹ tó tẹ́ ẹ tán.

“Ẹní ajá lẹ rà wá fún mi,” ni Màmá wí.

Orúkọ tó mọ́ ọn lára nìyẹn. A gbá Ẹní Ajá, a ká Ẹní Ajá, a sá Ẹní Ajá. Bí ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì bá ń bọ̀ nílé wa, Màmá á ká a lọ sí iyàrá ẹ̀yìn, ó sàn fún un kí wọ́n rí sìmẹ́ńtì lásán. Bí wọ́n bá ti lọ, ẹ ó lọ gbé e wá, ẹ ó tẹ́ ẹ padà sí àyè rẹ̀. Kí ló dé tí ẹ ò fi gbèjà ara yín rí, Bàbá? Ṣé ẹ mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ ni, àbí ẹ kàn fẹ́ràn àlàáfíà?

Mo rántí bí ẹ ṣe ń tọ́jú rẹ̀ ju bí mo ṣe rántí ohùn yín lọ. Àpò kòkó lẹ kọ́kọ́ tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ kí ó má baà máa yọ̀ mọ́ wa lẹ́sẹ̀. Ẹ ní irun rọ́ọ̀gì ilé tí ajá bá wà gbọ́dọ̀ kúrú, kí èékánná má baà máa há sí i. Ní gbogbo Sátidé ẹ ó gbé e kọ́ sórí okùn aṣọ, ẹ ó fi ọ̀pá nà án títí eruku á fi gba ojú yín, ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ sì máa ń kọ sí oòrùn kí àwọ̀ ojú rẹ̀ má baà ṣá. Ọjọ́ yẹn náà lẹ máa ń ṣa eégbọn lára Máwòmí. Bó bá pẹ́ díẹ̀, ẹ ó yí orí rọ́ọ̀gì sí ibi ẹsẹ̀, kí ibi tí ajá ń sùn sí má baà gbó ju ibi yòókù lọ. Bí ọmọ ajá bá tọ̀ sí i, Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹ bá ẹnikẹ́ni nínú wa tó ń fi àkísà ra á. Títẹ̀ ni ká tẹ̀ ẹ́, kí àkísà gbígbẹ fa omi náà mu, ká tó da omi tútù díẹ̀ sí i, ká tún tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà lẹ ó wọ́n láfún gbígbẹ sí i kí ó fa òórùn rẹ̀, ẹ ó gbá a kúrò lọ́jọ́ kejì. Màmá ní òun ò rí ibi tí wọ́n ti ń fi oúnjẹ ènìyàn bọ́ rọ́ọ̀gì rí.

Ti Ìyá Sàlámì kò pẹ́ láyé. Àgbò tí wọ́n so mọ́ ọ̀nà àbáwọlé de Iléyá já okùn wọlé, ó jẹ wájawàja ẹ̀gbẹ́ kan tán pátápátá. Ibi tó tọ̀ sí, Ìyá Sàlámì da omi gbígbóná àti ọṣẹ sí i, ó fi búrọ́ọ̀ṣì ra á tagbáratagbára, pupa bá ṣàn wọnú àwọn òdòdó. Ó dùn mí fún un, nítorí obìnrin rere ni. Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ fún yín, mo yan wọlé lọ́jọ́ náà, mo sì rọra fi ọwọ́ pa Ẹní Ajá lórí.

Ọ̀rọ̀ tó jẹ́ kí n kọ̀wé gan-an nìyí. Láti ìgbà tí ẹ ti papòdà, Màmá nìkan ló ń gbé ilé àtijọ́. Orúnkún rẹ̀ ń dùn ún, gígun àtẹ̀gùn ti di iṣẹ́. Mo ní kó wá máa bá wa gbé, yàrá kan wà fún un nísàlẹ̀. Ó ní òun á wá, ṣùgbọ́n òun ò tún ní bá ajá du ilẹ̀ páálọ̀ mọ́ láyé òun. Kí ajá lọ, kí òun wá. Àwọn àbúrò mi ní kí n fún àgbẹ̀ kan ní Ọ̀jọ̀kù. Bàbá, báwo ni mo ṣe fẹ́ fi ọmọ-ọmọ Máwòmí tọrẹ? Báwo ni mo sì ṣe fẹ́ fi ìyá mi sílẹ̀ lóun nìkan? Mo rò ó títí, orí mi fẹ́ fọ́. Kí lẹ máa ṣe ká ní ẹ̀yin ni?

Mo mọ ohun tí ẹ máa ṣe. Mo wá páálí ìṣáná.

Méjì ni mo wá, nítorí mo ní ológbò náà, eku pọ̀ lẹ́yìn ilé wa. Ológbò yìí jẹ́ aláwọ̀ eérú. Mo kó irun rẹ̀ sínú ọ̀kan, mo kó ti Kékeré sínú èkejì, mo gba ọ̀dọ̀ Alhaji tó ń ta rọ́ọ̀gì nítòsí sítéṣọ̀n lọ. Ó rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi bọ́. Èyí tó bá gba irun ajá kì í gba ti ológbò, èyí tó bá gba ti ológbò, ti ajá á máa pariwo lórí rẹ̀. A dé orí ọ̀kan níkẹyìn, ó rí tóótòòtó bí ara ẹtù, rúsúrúsú àti eérú wọnú ara wọn. Mo da páálí méjèèjì sí i. Mo fà sẹ́yìn. Bàbá, mi ò rí nǹkan kan! Mo fi èékánná họ ọ́ bóyá òwú rẹ̀ á fà yọ, kò yọ. Mo fi áńkáṣíìfù funfun tútù nu igun rẹ̀ bóyá á ṣí, kò ṣí. Alhaji dákẹ́ ẹ̀rín. Nísinsìnyí, bí ènìyàn bá wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ ń bi wọ́n ni irú ẹran tí wọ́n ń sìn nílé. Ọgbọ́n yín ló ń tà lẹ́bàá sítéṣọ̀n yẹn, kò sì mọ̀ yín rí.

Mo wá pe Màmá wá jẹun lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi kan. Ó bọ́ bàtà fúnra rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó rìn yí páálọ̀ ká, ó tẹ̀ ba pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún yẹn, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gba orí rọ́ọ̀gì bíi pé gàrí ló ń yẹ̀ wò, ó gbé ọwọ́ náà sójú ìmọ́lẹ̀. Ó ní mo ṣeun tí mo ti wá ibi fún ajá yẹn. Mo nàka sábẹ́ tábìlì. Kékeré nìyẹn, ó na gbalaja, ó ń hanrun. Mo ń retí ìbínú. Màmá wò ó, ó wo ilẹ̀, ó tún wò ó. Ó jẹun, ó ní kí a pe táásì fún òun, ó lọ. Inú mi bàjẹ́ gan-an. Mo rò pé mo ti pàdánù rẹ̀.

Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, táásì kan dúró níwájú ilé wa. Màmá ló kọ́kọ́ sọ̀, Ìyá Sàlámì tẹ̀ lé e láti bá a tú ẹrù. Ẹrù Màmá pọ̀ débi pé okùn ni wọ́n fi so búùtù. Ohun tó gùn jù nínú rẹ̀, ó fi ìró rẹ̀ tó dára wé e, kò sì jẹ́ kí awakọ̀ wọ́ ọ nílẹ̀. Èmi àti ọkọ mi la fi èjìká gbé e wọlé. Ìyá Sàlámì tú ìró náà díẹ̀, ó rí ohun tó wà nínú rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín.

“Ìyá, ẹ tún gbé Ẹní Ajá wá síbí? Pẹ̀lú rọ́ọ̀gì tuntun tọ́mọ yín rà yìí? Ẹ jẹ́ ká gbé e sẹ́yìn kíṣíìnì.”

Màmá ò rẹ́rìn-ín.

“Ìyá Sàlámì, ẹ má pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. Rọ́ọ̀gì ọkọ mi nìyẹn.”

Bàbá, ṣé ẹ gbọ́? Mo ṣe bí ẹni tó ń wá nǹkan nínú àpótí, kí wọ́n má baà rí ojú mi. Inú mi dùn, ọkàn mi sì wúwo, nítorí ẹ̀yin ló yẹ kí ẹ gbọ́ ọ.

Iwájú bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ló tẹ́ ẹ sí, pẹ̀lú àpò kòkó lábẹ́ rẹ̀. Ní Sátidé àná, ó gbé ìjókòó síta, ó ń fi ọ̀pá júwe fún mi bí mo ṣe ń nà án lórí okùn, ó ní ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí n kọ sí oòrùn. Ó rò pé mi ò mọ̀ ni. Mo ní ẹ ṣé, Màmá. Kékeré kì í sùn ní páálọ̀ lóru mọ́, ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì Màmá ló ń sùn. Ní òwúrọ̀ yìí mo yọjú wò wọ́n. Màmá ṣì ń sùn, ọwọ́ rẹ̀ kan fì sílẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì, ó wà lórí ajá. Mo kúnlẹ̀, mo wá irun lára rọ́ọ̀gì yín títí.

Mi ò rí ẹyọ kan.

Èmi ni, pẹ̀lú ìfẹ́, lórí ìkúnlẹ̀,
ọmọbìnrin yín tó mọ rọ́ọ̀gì í rà.