Ẹ Yọ Ohùn Màámi Kúrò Nínú Ìpolówó Àgbo

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín níbi tí mo wà yìí, bí ilẹ̀ ibẹ̀ tilẹ̀ tutù bí omi kànga. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìdánìkanwà, ẹ kú ilé tó dá páro. Mo kí Dúpẹ́ àbúrò mi tó ń gbọ́únjẹ fún yín, mo kí àwọn ọmọ rẹ̀. Mo kí àwọn ará àdúgbò wa ní Ìkẹ́rẹ́ tí wọn kò jẹ́ kí ẹ dá jẹun láti ìgbà tí Màámi ti lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka lẹ́tà yìí tí ẹ kì í ṣe ará ilé wa, mo kí ẹ̀yin náà. Ẹ óò rí ìdí tí mo fi kọ ọ́ sí gbangba.

Òtútù ti tún dé síbí. Oòrùn máa ń yọ bí ẹni tí wọ́n fipá jí, kí n sì tó jáde níbi iṣẹ́, ó ti wọ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, mo ra kóòtù kan tí wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé kò sí òtútù tó lè gbà á kọjá. Òtútù kò mọ̀wé kà. Mo ra ìyẹ̀fun iyán pẹ̀lú. Wọ́n ya obìnrin kan sára páálí rẹ̀, ó di ọmọ odó mú, ó ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kò sí ìyàtọ̀ láàárín rẹ̀ àti iyán tí a fi odó gún. Ẹ rántí pé ẹ bi mí léèrè bó ṣe rí, mo sì ní ó dà bí ìgbà tí èèyàn fi omi gbígbóná ro páálí náà fúnra rẹ̀. Màámi ló gba fóònù lọ́wọ́ yín. Ó ní ṣé kì í ṣe èmi náà ni mo máa ń sá lọ sẹ́yìnkùlé tí wọ́n bá ti gbé odó síta, pé kí n jókòó kí n máa jẹ páálí mi. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́.

Ẹ máa ń béèrè ohun tí mò ń ṣe níbí gan-an, n kò sì tíì ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa rí. Ilé ńlá kan ni, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó ọjà tí àwọn èèyàn rà tí wọ́n tún dá padà sí. Èmi àti obìnrin ará Gánà kan la jọ ń dúró nídìí tábìlì kan náà. A ó tú ọjà, a ó wò ó bóyá ó ṣì ṣeé tà. Ẹni tó dá a padà máa ń kọ ìdí rẹ̀ mọ́ ọn. Ìpara tí kò mú ojú dán. Páànù tí wọ́n ní oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́, tí ẹyin sì lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́típẹ́. Ìrọ̀rí tí wọ́n ní ó ń múni sùn, ẹni tó rà á sì kọ ọ́ pé òun ṣì ń lajú sílẹ̀ di àárọ̀. Owó wọn ni wọ́n ń gbà padà. Ojú kì í tì wọ́n, kò sì sí ẹni tó ń pè wọ́n ní aláìmoore. Mo máa ń rò ó pé tó bá jẹ́ Màámi ni, yóò kọ́kọ́ béèrè bóyá ẹni tó ta ìrọ̀rí kò ní bínú, yóò sì tún bá a wá ìrẹsì díẹ̀ fi sínú páálí náà.

Láàárọ̀, nínú bọ́ọ̀sì, mo máa ń fi fóònù gbọ́ rédíò ilé. Kì í ṣe ìròyìn ni mò ń wá. Mo kàn fẹ́ gbọ́ kí wọ́n dárúkọ Ìkẹ́rẹ́, kí wọ́n dárúkọ Ìsẹ̀ àti Èmùré, kí ẹnìkan kí ẹnìkan bí a ṣe ń kíra. Ẹ mọ̀ pé n kò lè wá sí ìsìnkú. Fóònù Dúpẹ́ ni mo fi rí i bí wọ́n ṣe ń gbé Màámi sọ̀kalẹ̀, àwòrán náà sì ń dúró, ó ń gbéra. Kò pẹ́ sí ìgbà náà tí mo jókòó nínú bọ́ọ̀sì, tí òjò ń rọ̀ sára gíláàsì, tí mo sì gbọ́ ọ. Màámi. Ó ní ara òun ti yá o, pé bí wọ́n bá ní kí òun gun òkè Olósùnta nísinsìnyí, òun á gùn ún. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin kan pariwo orúkọ àgbo kan. N kò ní dárúkọ àgbo náà níbí. Orúkọ ni wọ́n ń wá, wọn kò ní rí i gbà lọ́wọ́ mi lọ́fẹ̀ẹ́.

Dúpẹ́ wà nílé lọ́jọ́ tí wọ́n gba ohùn náà sílẹ̀. Ó ní ọkọ̀ tó ní gbohùngbohùn lórí ni wọ́n kọ́kọ́ gbé wá sádùúgbò, tí wọ́n sì fún àwọn àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn ní ìgò àgbo kọ̀ọ̀kan lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀dọ́kùnrin tó gbé ti Màámi wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní màmá òun ni. Nígbà tí wọ́n padà wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún dọ̀bálẹ̀, ó sì bi í bóyá ara ti yá. Kí ni kí Màámi sọ? Ta ló máa ń wo ojú àlejò ní ilé wa, kó ní ẹ̀bùn tó fún òun lánàá kò wúlò? Ẹni tó bá ṣe wá lóore, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa la ti ń kí i kú àná. A máa ń dúpẹ́ oúnjẹ tí kò níyọ̀. Bí a dùbúlẹ̀ àìsàn tí wọ́n bi wá bí ara ṣe rí, a dúpẹ́ la óò ní. Màámi ní ara òun ti yá, ó ní Ọlọ́run yóò san án fún wọn. Ọmọ náà wá ń wo àpáta Olósùnta lókè bí ẹni tí kò rí irú rẹ̀ rí, ni Màámi bá ṣàwàdà pé kí wọ́n ṣáà ní kí òun gùn ún. Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, nítorí gbogbo wọn ló rí i tó fi ọwọ́ di ògiri mú jáde wá kí àlejò. Òun fúnra rẹ̀ ló rẹ́rìn-ín jù.

Wọ́n gé ẹ̀rín náà kúrò. Ìkíni tó kí wọn ni wọ́n mú, tí wọ́n fi ṣe ẹ̀rí.

Ọ̀rọ̀ orúnkún nìkan ìbá ṣeé fara mọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n tún kọ ọ́ sára ìgò náà pé ó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru, ó ń múni sùn, ẹni tó bá ń lò ó kò sì nílò oògùn mìíràn mọ́. Ọ̀dọ́kùnrin yẹn ló kà á sí i létí. Ọjọ́ ti pẹ́ tí Màámi ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ó sì ti sú u. Ìgbà tí Dúpẹ́ ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ ló bá oògùn náà nínú páálí lókè àpótí, eruku ti bò ó. N kò sọ pé àgbo ló pa á. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ga tó fi dá rọpárọsẹ̀ sí i lára. Kò béèrè ọ̀rọ̀ àgbo, a kò sì mọ̀ láti sọ ọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé oògùn tó ń ṣiṣẹ́ kì í sọ̀rọ̀, èyí tó ń sọ̀rọ̀ ni Màámi sì gbọ́.

Mo pe ilé iṣẹ́ rédíò náà. Ẹni tó gbé e ní àwọn kọ́ ló ni ìpolówó, pé bí oníbàárà bá ti sanwó, àwọn á gbé e sáfẹ́fẹ́. Mo pe nọ́ńbà tí Dúpẹ́ kà fún mi lára ìgò. Obìnrin kan fi ohùn dídùn kí mi kú ọ̀fọ̀, ó ní ọkọ olóògbé nìkan ló lè ní kí wọ́n yọ ohùn rẹ̀, ó sì bi mí bóyá orúnkún ń dun èmi náà.

Ni mo bá pè yín. Ẹ gbọ́ mi dé òpin. Ẹ wá ní kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ ní ẹ kì í ṣe òmùgọ̀, ẹ mọ̀ pé kò gun àpáta kankan, ṣebí ẹ̀yin lẹ máa ń di apá rẹ̀ mú tó bá ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ẹ ní àmọ́ láàárọ̀, kí ìròyìn tó bẹ̀rẹ̀, tí ẹ bá gbé rédíò sórí àga rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó máa ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ẹ ní ẹ máa ń dá a lóhùn. Mo ní ó dáa, Bàbá mi. N kò tún pe nọ́ńbà ìgò náà mọ́.

Èmi ìbá sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí, bí kò bá ṣe ti obìnrin ará Ìsẹ̀. Dúpẹ́ ló sọ ọ́ fún mi, ẹkún kò jẹ́ kó sọ ọ́ tán lẹ́ẹ̀kan. Ó ní obìnrin àgbàlagbà kan sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà níwájú ilé wa, ó fi ọ̀pá tilẹ̀, ó ń béèrè ìyá tó ń gun Olósùnta. Ìsẹ̀ ló ti wá. Ó ní ohùn Màámi lòun gbọ́ tí òun fi ra àgbo, òun sì ti mu ún tán, orúnkún kò gbọ́. Ó ní bóyá òun kò mọ̀ ọ́n mu ni. Ó fẹ́ kí Màámi kọ́ òun. Ó tún fẹ́ béèrè bóyá òun lè fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru òun sílẹ̀ lóòótọ́. Ẹ fún un ní àga, kì í ṣe ti Màámi. Ẹ fún un ní omi. Ẹ wá ní Màámi lọ sóko.

Dúpẹ́ ní obìnrin náà pàtẹ́wọ́. Ó ní ó parí, ẹni tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé oko, kí lòun tún ń béèrè, òun á ra òmíràn kún un. Ó fi iṣu kan sílẹ̀ fún Màámi. Uṣu ló pè é, bí Màámi ṣe máa ń pè é gẹ́lẹ́. Ó ní kí ẹ bá òun kí i tó bá dé. Ó sì lọ, kò sí ẹni tó béèrè orúkọ rẹ̀.

N kò bínú sí yín. Bí wọ́n bá bi èmi náà léèrè ìyá mi níbí, mo máa ń ní ó wà. Dúpẹ́ ní ẹ kò jẹ́ kí òun se iṣu náà, pé ó ṣì wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Ṣùgbọ́n obìnrin yẹn wà láàyè, Bàbá. Ó ṣeé ṣe kí òun náà ní ẹni tó ń di apá rẹ̀ mú.

N kò mọ orúkọ rẹ̀, n kò ní nọ́ńbà rẹ̀, ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ síbi tí gbogbo ayé lè rí i. Gbangba ni wọ́n gbé ohùn Màámi sí, gbangba náà ni mo ti ń dáhùn. Ìyá ará Ìsẹ̀ tó fi ọ̀pá tilẹ̀ wá sílé wa, bí ẹnìkan bá ń ka èyí sí yín létí: Màámi kò lọ sóko. A ti sin ín. Orúnkún rẹ̀ kò yá títí ó fi kú. Ẹ má ṣe fi oògùn yín sílẹ̀; bí ẹ bá ti fi í sílẹ̀, ẹ tètè padà sọ́dọ̀ ẹni tó fún yín. Kì í ṣe pé ẹ kò mọ̀ ọ́n mu. Àgbo náà ni kò ṣe ohun tí wọ́n ní yóò ṣe. Bàbá mi kò purọ́ fún yín nítorí ìkà. Ọ̀rọ̀ náà ló wuwo jù fún ẹnu rẹ̀.

Bàbá, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí Dúpẹ́ mú yín lọ sọ́dọ̀ àwọn alágbo náà ní Adó, kí ẹ ní kí wọ́n yọ ohùn rẹ̀. Ẹ fi owó tí mo fi ránṣẹ́ wọkọ̀, ẹ má fi ra ohunkóhun tí rédíò bá ní kí ẹ rà. Mo mọ ohun tí mò ń gbà lọ́wọ́ yín. Láti àárọ̀ dalẹ́ ni mò ń rí ọjà tí àwọn èèyàn ń dá padà, ohùn Màámi nìkan ni n kò rí ẹni tó fẹ́ dá a padà fún wa.

N kò ní kí àárọ̀ yín ṣófo. Mo ti fi ohùn mìíràn ránṣẹ́ sí fóònù Dúpẹ́, èyí tí Màámi fi kí mi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kí ìròyìn tó bẹ̀rẹ̀, Dúpẹ́ yóò gbé e sórí àga náà fún yín. Màámi béèrè bóyá mo ń jẹun. Ó ní orúnkún òun tún ń ya wèrè. Ó ní ewúrẹ́ ti jẹ ẹ̀gẹ́ tó sá, ó sì wá ń pariwo mọ́ yín pé, Bàbá Bọ́lá, ta ló tún gbé àdá sẹ́nu ọ̀nà. Bí èèyàn bá fetí sí i dáadáa, yóò gbọ́ yín lẹ́yìnkùlé, tí ẹ ń ní ẹ̀yin kọ́. Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà pé, ẹnikẹ́ni kò gé e. Kò sì ta nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀.

Ọlọ́run yóò dá yín sí fún wa. Ẹsẹ̀ yín kò ní kọ̀ yín lórí àtẹ̀gùn. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé àti àwọn tó bá wa ṣọ̀fọ̀. Ẹ jẹ́ kí Dúpẹ́ gún iṣu yẹn kó tó bàjẹ́.

Èmi ni, ọmọ yín,
Bọ́lá